Ojú Ọmọ Ìyálé Mi

Owú ni mo ń jẹ lọ́dún náà. Ẹni tó bá ní òun kò jẹ ẹ́ rí, kó wá gbé irú ilé tí mo gbé.

Ọkọ wa jẹ́ káfíńtà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń bá wọn kan òrùlé àwọn ilé iṣẹ́ tuntun tí wọ́n ń kọ́ sí Ìkejà. Agége la ń gbé, yàrá mi kọjú sí ti ìyálé mi. Oṣù kan náà la bímọ: èmi bí obìnrin, òun bí ọkùnrin. Ìyẹn nìkan ti tó bí mi nínú, àmọ́ ọmọ náà tún wá ní ojú! Ojú rogodo, dúdú, tó gba gbogbo iwájú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó wọlé tí kò pè é ní ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́. Ìyálé mi a lé tìróò fún un, a gbé e síta kí ayé rí i. Wọ́n á wo tèmi fìrí, wọ́n á ní, “Èyí náà dára,” wọ́n á sì padà sọ́dọ̀ ẹlẹ́yinjú.

Èmi náà wá ń wo ọmọ yẹn. Àléébù ni mo ń wá. Mo rí i pé bí wọ́n bá gbé e sínú oòrùn, ńṣe ló ń fi ojú pamọ́ sáyà ìyá rẹ̀, omi á máa dà lójú rẹ̀ láìsunkún. Wọ́n ní ojú ló ń tì í. Mo rí i pé ojú òsì tóbi ju ọ̀tún lọ. Nígbà tó yá, dúdú ojú náà kò dán mọ́, ó ṣú bíi dígí téèyàn mí sí.

Inú mi dùn, àyà mi sì já. Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Ìyàwó kékeré tó bá ní nǹkan ń ṣe ojú ọmọ ìyálé rẹ̀, òun náà ni wọ́n máa ní ó ṣe é. Bí ọmọ náà bá wá fọ́jú, ẹrù mi ni màá dì.

Àmọ́ mo mọ ìyálé mi. Kò sí ohun tí ọwọ́ mi máa tẹ̀ tí kò ní fẹ́ kí tiẹ̀ tẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ pé òyìnbó kan, dókítà ojú, ń bọ̀ wá sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní Ìkejà, mo purọ́ fún ọkọ wa níṣojú ìyálé mi pé ojú ọmọ mi ń ṣomi, pé mo fẹ́ kí dókítà wò ó.

Ìyálé mi gbórí sókè. “Ọmọ tìẹ nìkan ni dókítà máa wò ni, ìyàwó? Bàbá wọn, tèmi náà máa lọ o.”

Mo lejú bí ẹni tínú ń bí. Inú sì bí mi lóòótọ́, torí ọkọ wa rẹ́rìn-ín sí i.

Dókítà kò pẹ́ rárá lórí ọmọ mi. Nígbà tó kan ọmọkùnrin náà, ó sún mọ́ ọn. Ó fi ìka tẹ ìpéǹpéjú rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó tún tẹ ti ọmọ mi kó lè mọ ìyàtọ̀. Ó ní kí wọ́n tẹ́ àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó fi rúlà kékeré wọn dúdú ojú wọn. Ó wá tọ́ka sí ọmọ mi, nọ́ọ̀sì sì túmọ̀ rẹ̀: “Ó ní bó ṣe yẹ kí ojú ọmọ ọwọ́ rí nìyí.”

Ẹ ò rí bí mo ṣe na ọrùn! Láti ọjọ́ tí mo ti bímọ ni mo ti ń retí ẹni tó máa sọ bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì wá túmọ̀ èyí tó kù. Omi kan wà nínú ojú tí kì í ṣe omijé, ó ní ọ̀nà tó ń gbà jáde. Bí kò bá rọ́nà, á máa ti ojú láti inú. Àwọn ọmọ kan ti ń dàgbà kí àìsàn yìí tó mú wọn; ojú tiwọn kì í tóbi, ẹnikẹ́ni kì í sì í tètè mọ̀. Ti àwọn mìíràn, nǹkan ló gbá wọn lójú. Dókítà bi ìyálé mi bóyá nǹkan gbá ọmọ náà lójú rí. Ó ní rárá. A jẹ́ pé àbímọ́ ni, ojú ọmọ ọwọ́ sì rọ̀, ìdí tó fi ń fẹ̀ nìyẹn. Kí wọ́n gbé e lọ sí Èkó kíákíá fún iṣẹ́ abẹ.

“Ojú tí gbogbo ayé ń yìn?” ni ìyálé mi wí.

Ọkọ wa fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó bá ìyálé mi gbé ọmọ náà wọ rélùwéè lọ sí Ìdó ní Èkó, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ọ̀rọ̀ ojú ọmọ náà nìkan ló kù tí wọ́n ń sọ nínú ilé. Àní mo jowú àìsàn! Nígbà tí wọ́n dé, ọkọ wa ń yin ìyálé mi lójú àwọn aládùúgbò pé òun ló gbọ́n tó ní kí ọmọ náà bá tèmi lọ. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì, mo lọ ń fọ aṣọ tí kò dọ̀tí.

Nígbà tí èrò lọ tán, ìyálé mi gbé ọmọ náà wá sẹ́nu ọ̀nà mi.

“Ìyàwó, dókítà ní ká ṣì máa wò ó. Bàbá wọn ní ojú méjèèjì ló ń ríran. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ló ń sọ fún mi.” Ó na ọmọ sí mi. “Mo mọ bó o ṣe máa ń wo ọmọ mi. Gbà á, kó o wò ó fún mi.”

Ẹ̀rù bà mí. Mo fọwọ́ bo ojú òsì, mo mi ṣíbí níwájú ọ̀tún; ó tẹ̀ lé e, ó nawọ́ gbá a mú. Mo wá bo ọ̀tún. Mo mi ṣíbí títí. Ibi tí ṣíbí kò sí ni ọmọ náà ń wò.

“Ọ̀tún ń ríran dáadáa,” mo sọ fún un. “Òsì ti lọ, ìyálé mi.”

Ó mi orí bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó jókòó sórí ẹní mi, ó bú sẹ́kún, kò sì gba ọmọ náà lọ́wọ́ mi.