Ìwọ̀n Èjìká Màmá

Téèpù ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí okùn ìwọ̀n tí kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Á gbé e wọ bọ́ọ̀sì, á gbé e lọ sọ́jà, ó tiẹ̀ gbé e dé ibodè rí, tí aṣọ́bodè kan ń wò ó bí ẹni pé ejò ló so mọ́rùn. Obìnrin kúkúrú ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ sì mú ju sísọ́ọ̀sì ọwọ́ rẹ̀ lọ. Bí ọkùnrin kan bá gbé ṣòkòtò tó há wá, á wò ó láti orí délẹ̀, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ṣòkòtò yìí ló sún kì ni àbí ikùn ló yọ?" Oníṣòkòtò náà á rẹ́rìn-ín, Téèpù á sì bá a tú u.

Kó tó di olùgbé títí ní ìlú òkèèrè tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí, àlejò ni. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ló ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ méjì. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló lọ kí wọn, ẹ̀ẹ̀mẹrin náà ló sì padà sílé kí ọjọ́ ìwé rẹ̀ tó pé. Ìlà àwọn àlejò ló máa ń tò sí ní ibodè, ìlà gígùn tí ẹsẹ̀ ti ń wú, bó bá sì kàn án, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi í: "Kí ló máa mú yín padà sílé?" Àwọn ẹlòmíì á kó ìwé ilé àti ìwé ilẹ̀ jáde. Òun kò ní ilẹ̀. Á ní, "Ìyá mi ni. Ó ń retí mi nílé." Wọn á lu òǹtẹ̀ fún un. Kò parọ́ fún wọn rí.

Lóòótọ́ ni Màmá ń retí rẹ̀. Arúgbó tín-ín-rín tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún ni, òun àti àbúrò Téèpù obìnrin, tó jẹ́ tíṣà, ni wọ́n jọ ń gbé. Bí Téèpù bá ti ti àjò dé, kó tó gbé báàgì sílẹ̀ pàápàá, Màmá á ní, "Yípo kí n wò ẹ́. Kí n mọ̀ bóyá odindi ni wọ́n dá padà fún mi." Téèpù á yípo. Àjò kì í dùn kí onílé má relé.

Nígbà tó yá, ọmọ rẹ̀ kọ̀wé sí ìjọba kí wọ́n sọ ìyá òun di olùgbé títí. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ ló kọ́kọ́ jáde, Téèpù sì ríṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń tún aṣọ ṣe: yàrá tóóró, ẹ̀rọ mẹ́ta, fèrèsé kan tó kọjú sí ibùdókọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́ọ́yà kìlọ̀ fún un gidigidi. Ó ní kí káàdì olùgbé títí tó jáde, kò gbọdọ̀ sọdá ibodè. Bó bá sọdá, ìwé ti kú nìyẹn, kò sì dájú pé á rọ́nà wọlé mọ́. Nígbà tó jẹ́ àlejò, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ìgbà tí wọ́n wá fẹ́ sọ ọ́ di onílé ni wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ yìí bí Téèpù nínú, ó sì ń bí èmi tí mò ń sọ ọ́ nínú.

Ní oṣù kẹjọ tí Téèpù ti ń dúró de káàdì, Màmá ṣubú ní balùwẹ̀, itan rẹ̀ sì kán. Téèpù di báàgì rẹ̀, ó pe ilé.

"Màmá, mò ń bọ̀."

"Wá ṣe kí ni? Ìwọ ni dókítà?"

"Mo kàn fẹ́ rí yín ni."

"Tó o bá fi ìwé yẹn sílẹ̀ wá síbí, mi ò ní ṣílẹ̀kùn fún ẹ. Ìta lo máa sùn. Èmi ń lọ, àwọn ọmọ ọmọ ẹ ń bọ̀. Jókòó ti àwọn tó ń bọ̀." Ó wá rẹ́rìn-ín. "Lọ rán aṣọ sílẹ̀ fún mi. Òun ni màá fi pàdé ẹ lẹ́nu ọ̀nà."

Téèpù tú báàgì rẹ̀, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Láti oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún ìdúró náà, Màmá kò bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù mọ́. Àbúrò ní etí wọn ti di. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ló kù tó ń wá, ẹyọ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan: àdúrà kúkúrú, ikọ́, orúkọ àwọn ọmọ ọmọ. Téèpù á béèrè bóyá itan ti jinná, àdúrà ló máa wá. Á béèrè bóyá wọ́n rí fọ́tò tó fi ránṣẹ́, àdúrà náà ni. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bí àgbà ṣe ń rí nìyẹn.

Nígbà tí ìjọba pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ó mọ̀ pé káàdì ti sún mọ́lé. Ó ra aṣọ àlàárì kan tó rọ̀, ó ní kí àbúrò òun fi téèpù tó wà nínú dúrọ́ọ̀ wọn Màmá, nítorí àìsàn a máa dín èèyàn kù. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí èsì tó dé. Téèpù ti mọ ìwọ̀n Màmá sórí tipẹ́: èjìká íǹṣì mẹ́rìnlá, àyà íǹṣì mẹ́rìndínlógójì. Èyí tó dé báyìí jẹ́ èjìká mẹ́rìndínlógún, àyà méjìlélógójì.

"Màmá ti sanra!" Ó pariwo débi pé ọ̀gá rẹ̀ sáré jáde láti ẹ̀yìn. Ó jó yí ẹ̀rọ rẹ̀ ká.

Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ gé aṣọ náà, ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí èjìká. Àgbà lè sanra níkùn, ó lè sanra ní ìdí, ṣùgbọ́n eegun èjìká àgbà kì í fẹ̀ sí i. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń ránṣọ, ó mọ èyí bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Tíṣà yẹn, kò mọ téèpù dì mú," ó sì gé e bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin ló fi dúró kí káàdì tó jáde. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló gbéra. Àbúrò wá pàdé rẹ̀, Téèpù ló ń dá sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n délé, kò sí ẹnì kankan lẹ́nu ọ̀nà. Ó wọ yàrá Màmá lọ tààrà. Wọ́n ti ká mátíràsì kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì.

Àbúrò Màmá ọkùnrin, tí wọ́n ti ní kó jókòó dè é ní pálọ̀, ló sọ ọ́. "Ọmọ mi, jókòó. Ìyá yín ti sinmi. Ó ti lé lọ́dún kan."

Àbúrò Téèpù ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Màmá ló ní kí n búra, àǹtí mi. Wọ́n ní tẹ́ ẹ bá gbọ́ kí káàdì tó jáde, ẹ máa sáré wálé, ẹ ò ní bá àwọn, ẹ ò sì ní rí ọmọ yín mọ́. Ogún àdúrà ni wọ́n gbà sínú fóònù lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ku mẹ́fà."

"Ìwọ̀n ńkọ́?"

"Ara mi ni mo wọ̀n. Mi ò mọ ohun tí mo tún lè ṣe."

"Mo mọ̀," ni Téèpù wí. "Èjìká yẹn. Mo mọ̀."

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń bínú. Ó bínú sí àbúrò rẹ̀, ó bínú sí òkú, ó bínú sí káàdì pẹlẹbẹ tó wà nínú báàgì. Níkẹyìn, ara rẹ̀ ló bínú sí jù. Òótọ́ ni téèpù sọ fún un, òun ni kò fẹ́ gbọ́.

Ọjọ́ tó ku ọ̀la kó padà, ó tú aṣọ náà jáde, ó nà án sí àbúrò rẹ̀. "Wọ̀ ọ́."

Àbúrò wọ̀ ọ́, ẹkún ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Yípo kí n wò ẹ́."

Ó yípo. Aṣọ náà bá a mu géérégé, kò sí ibi tí abẹ́rẹ́ kan yóò tún fọwọ́ kàn. Téèpù gbá a mọ́ra, àwọn méjèèjì sunkún tẹ́rùn. Nígbà tó yá, ó ní, "Mẹ́fà tó kù yẹn, má kó o fún mi lẹ́ẹ̀kan náà. Máa fi ránṣẹ́ lóṣooṣù, bó o ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀."

Ní ibodè, ìlà àwọn olùgbé títí ló tò sí lọ́tẹ̀ yìí. Ìlà náà kúrú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ráyè wú. Aṣọ́bodè, ọmọbìnrin kan tí kò ju ọmọ rẹ̀ lọ, wo káàdì, ó wo ojú rẹ̀, ó sì dá káàdì padà fún un. Téèpù dúró.

"Ẹ máa lọ, mà. Ó ti parí."

"Ẹ ò tíì bi mí ní nǹkan kan."

"Kò sí nǹkan tá a fẹ́ bi yín mọ́, mà."

Téèpù fi káàdì rẹ̀ sínú báàgì. Ó tún téèpù ọrùn rẹ̀ ṣe, ó sì kọjá.