Dísìkì Mẹ́fà Inú Páálí Kan

Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí ọkàn Wided Jelassi kò ti balẹ̀. Òun ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ní ilé ìwòsàn kíndìnrín kan ní Sfax, orí dísìkì mẹ́fà sì ni àkọsílẹ̀ gbogbo ẹni tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ fún wà. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ to dísìkì ọ̀hún, ó ní kí wọ́n tò wọ́n ní méjì-méjì, kí èkejì máa kọ ohun tí èkíní bá kọ. Iṣẹ́ á yá, bí ọ̀kan bá sì kú, èkejì rẹ̀ ṣì wà. Ni Si Mongi, ọ̀gá wọn, bá figbe ta.

"Ká ra mẹ́fà ká lo mẹ́ta? Wided ọmọ mi, ṣé orí ẹ pé? Ta ló ń se kúskús tó ń da ìdajì ẹ̀ nù?"

Wọ́n bá tò ó bí ọ̀gá ṣe fẹ́: gbogbo wọn jọ ń gbẹ́rù, ọ̀kan péré ló lè kú tí nǹkan ò ní bà jẹ́. Wided sì rí i pé inú páálí kan náà ni gbogbo wọn ti jáde, ọjọ́ ikú wọn lè sún mọ́ra. Kò sọ ọ́ fún ọ̀gá. Bóyá ojú ló tì í, èmi ò mọ̀. Ó ṣáà buwọ́ lu ìwé tí wọ́n fi gba ètò náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀kan kú. Ó fi tuntun rọ́pò rẹ̀, àwọn márùn-ún tó kù sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ara wọn látòkèdélẹ̀ kí tuntun lè kún. Nígbà tó di ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, ìkẹrin bẹ̀rẹ̀ sí í dún: kẹ́, kẹ́, kẹ́. Bí òun náà bá kú kí tuntun tó kún, gbogbo àkọsílẹ̀ ló máa lọ. Ẹ̀dà àkọsílẹ̀ tí wọ́n tọ́jú síta ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí sì ni wọ́n pààrọ̀ oògùn Khalti Zohra, ìyá àgbà kan tí wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún, nítorí pé ti tẹ́lẹ̀ fẹ́ẹ̀ pa á. Ẹ̀mí ò láàrọ̀.

Radhia nọ́ọ̀sì pè é lórí fóònù. "Wided, ẹ̀rọ yín ń falẹ̀ o! Khalti Zohra ti jókòó."

"Tẹ ìwé gbogbo aláìsàn jáde báyìí. Ti Khalti Zohra ni kó ṣíwájú."

"Kí ló dé?"

"Radhia, má bi mí! Ṣáà máa tẹ̀ ẹ́!"

Wákàtí méjì ni Wided fi dúró ti ẹ̀rọ náà, tó ń ka kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, ọgọ́rùn-ún pé. Si Mongi wọlé pẹ̀lú ife kọfí rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Ṣé o rí i? Ojo lásán ni ẹ́. Kò kúkú sí nǹkan tó ṣe é."

Wided fa ìwé kan yọ, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí dísìkì méjì bá kú, ọrùn ẹni tó buwọ́ lu ìwé yìí ni àkọsílẹ̀ tó bá sọnù wà. Ó tì í síwájú ọ̀gá rẹ̀.

"Èmi ni mo buwọ́ lu ti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, Si Mongi. Ẹ̀yin lẹ máa buwọ́ lu tòní."

Ọ̀gá mú bírò. Nínú ẹ̀rọ, ìkẹrin ń dún: kẹ́, kẹ́. Ó tẹ́tí sí i fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀rín ojú rẹ̀ sì pòórá. Ó rọra gbé bírò sílẹ̀.

"Wided, báwo lo ṣe ní ká tò wọ́n nígbà yẹn?"