Ẹni Tí Yóò Sọ Pé "Ẹ Káàbọ̀"

Nígbà tí mo ṣì kéré, ní Imoru tí bàbá mi ti ń dáko, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kì í ṣe ohun eré nínú agbo ilé wa. Ìgbà náà ni ìyá bàbá mi máa ń di ẹrù rẹ̀: aṣọ méjì, àwo páànù kan àti ìpara. Á so wọ́n pọ̀, á gbé wọn rù, á ní òun ń lọ sílé. Ilé bàbá rẹ̀ ní Ute ló ń wí, bẹ́ẹ̀ ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí wọ́n ti gbé e níyàwó wá sí Imoru, àwọn tó bí i sì ti kú tipẹ́. Iyè rẹ̀ ti ra. Àwọn ará ìta ní ó ń ṣarán, ṣùgbọ́n ìyá mi kì í jẹ́ kí a sọ ọ̀rọ̀ yẹn nínú ilé.

Ìyá mi ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fún un lóúnjẹ, òun náà ni Ìyá Àgbà sì máa ń pè ní olè. Àmọ́ tó bá ti di aago mẹ́rin, ìyá mi á jókòó, á na ẹsẹ̀. Àwọn obìnrin ilé ló ń gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá kàn á ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n sìn yín sọ́nà." Wọn á jọ rìn dé ìdí igi orógbó lọ́nà odò, wọn á sì gba ẹ̀yìn ilé padà. Bí wọ́n bá ti yọ, gbogbo ilé á dìde, wọn á ṣe bí ará Ute.

"Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ kú ìrìn! Àwọn ará Imoru ńkọ́?"

Ìyá Àgbà á sọ ẹrù kalẹ̀, á gba omi mu. "Wọ́n wà. Àmọ́ wọn ò mọ ọbẹ̀ ẹ́ sè."

Ìyá mi, tó se ọbẹ̀ náà, ló máa ń rẹ́rìn-ín jù.

Lọ́jọ́ kan, ó kàn mí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, wọ́n sì ti kọ́ wa nílé ìwé pé ká máa sọ òótọ́. Nígbà tí a padà dé ẹ̀yìn ilé, mo ní, "Ìyá Àgbà, ibí yìí náà la ti kúrò. Ilé wa nìyí." Ó wò mí, ó wo ilé náà, ó sì jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọ tó sọnù lọ́jà. Kò wọlé títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyá mi ló lọ jókòó tì í nínú eruku. Kò nà mí. Ó kàn ní, "Òótọ́ lo sọ. Ṣùgbọ́n wo ẹni tó máa rù ú."

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ọkọ mi ló ń di ẹrù báyìí. Nínú ilé tí àwa méjèèjì jọ kọ́ ní Ọ̀wọ̀, á kó rédíò àti fáìlì rẹ̀ sínú ọ̀rá, á ní kí n mú òun lọ sílé. Dókítà ti ṣàlàyé pé àìsàn ọpọlọ ni, kì í ṣe ọwọ́ ayé. Àgádágodo méjì ló wà lára géètì wa, nítorí ó ti rìn dé títì márosẹ̀ rí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ń yẹ̀ wọ́n wò kí n tó sùn, oorun náà kì í sì í tó nǹkan. Ó ti rẹ̀ mí.

Ọmọbìnrin mi ń ṣe tíṣà ní Akúrẹ́. Ó pẹ́ kó tó rí iṣẹ́ náà. Mo máa ń parọ́ fún un lórí fóònù pé mo sùn dáadáa, àmọ́ ohùn mi ló tú mi fó. Ó ní, "Mọ́mì, bí ẹ ò bá rí ẹni ràn yín lọ́wọ́, màá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mò ń bọ̀ ní Sátidé, èmi àti ẹrù mi." Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹrù yìí ti wọ̀ mí lọ́rùn. Kí ó má wọ ọmọ mi náà lọ́rùn.

Ni mo bá sọdá lọ bá obìnrin ará Àkókó tó ń gbé ní ọ̀ọ́kán wa. Láti ọdún mọ́kànlá, ìkíni orí fẹ́ǹsì nìkan ló wà láàárín wa. Ojú tì mí gan-an. Mo ní kì í ṣe ìwẹ̀, kì í ṣe oúnjẹ ni mo fẹ́ kó bá mi ṣe. Kí ó kàn dúró sí géètì wa ní aago mẹ́rin ààbọ̀, bí mo bá sin ọkọ mi dé ìkóríta tí a sì ń padà bọ̀, kí ó kí i káàbọ̀.

Ó ní, "Káàbọ̀ lásán, Mà? Ẹ sì ti dákẹ́ láti ọjọ́ yìí!"

Wẹ́sìdeè àti Fúráìdeè ni àyè gbà á. Ní Wẹ́sìdeè àkọ́kọ́, ó dúró síbẹ̀ lóòótọ́, pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́. "Ẹ káàbọ̀, Bàbá! Ọ̀nà ńkọ́?"

Ọkọ mi ní, "Ọ̀nà jìn. Obìnrin yìí ló sìn mí. Èèyàn dáadáa ni." Ó mu omi náà dé ìdajì, ó wá na ife padà sí aládùúgbò náà. "Ẹ fún òun náà mu. Ó ti rẹ̀ ẹ́."

Mo mu ún. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ní kí ọmọ mi dúró sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Láyé ìgbà tí mò ń wí, ìyá mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Agbo ilé kò ní géètì. Lóde òní, kálukú ló mọ odi yí ara rẹ̀ ká, ẹni tí ẹrù bá wọ̀ lọ́rùn gbọ́dọ̀ lọ kanlẹ̀kùn kó sọ ọ́ jáde. Ọjọ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀ kúrò ní kékeré. Ní ọjọ́ márùn-ún yòókù, èmi ni mo ń sìn ín lọ, èmi ni mo ń sìn ín bọ̀. Bí a bá dé géètì, mo máa ń ṣí i, mo máa ń yára wọlé ṣáájú, mo sì máa ń yíjú padà sí i.

"Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ kú ìrìn."