Ṣọ́ọ̀kì Pupa Tí Mo Fi Da Inísà Rú

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Inísà fún yín, torí bí mi ò bá sọ ọ́, inú mi á bẹ́!

Tíṣà tuntun ni mí. Jọ́gíráfì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS1 ní ilé ìwé girama kan ní Inísà. Ọmọ Òkukù ni mí, ṣùgbọ́n Ìkìrun ni mo gba yàrá sí, mọ́tò ni mo sì máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni mo ti ṣèlérí fún ara mi pé ọmọ kankan ò ní sùn nínú kíláàsì mi. Ẹ̀yin náà rántí bí wọ́n ṣe kọ́ wa, àbí? Kọ nóòtì, há a sórí, pọ̀ ọ́ lọ́jọ́ ìdánwò, gbàgbé ẹ̀. Mo ní tèmi ò ní rí bẹ́ẹ̀ láéláé.

Lọ́jọ́ tí a dé orí ẹ̀kọ́ nípa máàpù, mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń pè ní máàpù. Gbogbo kíláàsì fi ohùn kan pariwo ìtumọ̀ tó wà nínú ìwé, wọn ò tiẹ̀ mí sí i. Inú mi dùn. Mo wá ní kí Bọ́sẹ̀, ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó síwájú, wá ya ọ̀nà tó lọ láti ilé ìwé sí ilé wọn sójú pátákó.

Ó dúró. Ó wo ṣọ́ọ̀kì, ó wo èmi náà. Ó ní, "Ìyẹn ò sí nínú nóòtì wa, mà."

Orí mi gbóná! Ọ̀nà tó ń fẹsẹ̀ rìn lójoojúmọ́ ayé ẹ̀!

Ibẹ̀ ni mo ti pinnu pé àwọn fúnra wọn ló máa ya máàpù àdúgbò ilé ìwé. Wọ́n á wọn ọ̀nà, wọ́n á wo ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì wà, ibi tí mọ́ṣáláṣí wà, ibi tí kànga wà, wọ́n á wá yà á sórí páálí ńlá. Mo sọ fún ọ̀gá wa, ìyẹn pírínsípà. Wọ́n ní kò burú, kí n ṣáà rí i pé ọmọ kankan ò bọ́ sí títì. Ọ̀gbẹ́ni Adéoyè, tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ju gbogbo wa lọ, rẹ́rìn-ín sí mi. Wọ́n ní, "Ẹ fún wọn ní nóòtì, kẹ́ ẹ lọ sinmi. Gbogbo wa la bẹ̀rẹ̀ báyìí." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì lọ wá okùn.

Ni a bá jáde. Okùn la fi ń wọn ọ̀nà. Ibi tí okùn bá ti tán, a ní láti sàmì síbẹ̀ kí a tó tún un nà. Ṣọ́ọ̀kì funfun ti tán ní yàrá àwọn tíṣà, pupa nìkan ló kù, ni mo bá kó o dání. Ẹ mọ̀ pé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ eléruku ò gba ṣọ́ọ̀kì. Àwọn ọmọ bá ń sàmì sára ògiri ilé tó bá wà nítòsí. Àmì wo ni wọ́n sì ń sà? X!

Ẹ̀yin ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, àbí? Èmi ò mọ̀! Inú mi ń dùn ni tèmi. Àwọn ọmọ tó máa ń tòògbé nínú kíláàsì ni wọ́n ń sáré, tí wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lórí ibi tí ìlà oòrùn wà. Wọ́n parí máàpù ọ̀hún kí agogo tó lù, a sì gbé e ti ògiri kíláàsì. Mo ní ẹ wá wo tíṣà!

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mò ń se ẹ̀wà lọ́wọ́ ní Ìkìrun ni màmá mi pè mí láti Òkukù. Wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n kí wọn tán. Wọ́n ní ṣé mo ti gbọ́? Ìjọba fẹ́ fẹ ọ̀nà ní Inísà! Wọ́n ti fi X pupa sára ilé, wọ́n máa wó wọn láìpẹ́. Ẹni tí wọ́n jọ wọ mọ́tò ló sọ fún wọn. Ó ní aṣọ kan náà làwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ọ̀hún wọ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí ló sì ń pàṣẹ fún wọn.

Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kẹ̀! Mo ní, "Mọ́mì, èmi ni."

Wọ́n ní, "Ìwọ kí ni?"

Mo ní èmi ni obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ náà. Màmá mi ní ṣé mo ti fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ tí mi ò sọ fáwọn ni. Ẹ̀wà mi jóná lórí iná.

Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí èrò lẹ́nu géètì wa. Ìyá kan ti kó gbogbo ọjà inú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ lọ sílé. Èyí tó wá dùn mí jù ni ti Bàbá Télọ̀. Bàbá arúgbó ni wọ́n, ẹ̀bá ọ̀nà ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ránṣọ wà. Wọ́n ti fọwọ́ ara wọn ṣí páànù iwájú ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀, kí katapílà má baà fọ́ ọ mọ́lẹ̀.

Ọ̀gá wa dúró láàárín èrò, wọ́n ń làágùn. Bí wọ́n ṣe rí mi ni wọ́n figbe ta. "Mo ní kí ọmọ má bọ́ sí títì, ẹ wá kó gbogbo ìlú bọ́ sí títì!" Wọ́n ní kí n kọ àlàyé wá kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ẹ má gbàgbé pé tuntun ni mí, wọn ò tíì fọwọ́ sí i pé mo ti di tíṣà wọn títí lọ o. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá wọn, ó lè jẹ́ ilé ni wọ́n máa ní kí n máa lọ.

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀. Mo ṣàlàyé pé ẹ̀kọ́ ni, kì í ṣe ìjọba. Ṣé wọ́n gbọ́? Ọkùnrin kan ní bí ìjọba bá fẹ́ wólé, irú èyí ni wọ́n máa ń sọ tẹ́lẹ̀. Òmíràn ní bó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ ni, ṣé kò sí pátákó nínú kíláàsì ni? Ìyá ọlọ́jà yẹn ní òun rán ọmọ òun wá síléèwé kó lè jókòó, kì í ṣe kó máa rìn kiri.

Bàbá Télọ̀ ò pariwo ní tiwọn. Wọ́n kàn wò mí, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o mú mi gun àkàbà lọ́jọ́ ogbó mi."

Ó dùn mí dé egungun.

Ẹnu ẹ̀ la wà tí Bọ́sẹ̀ fi gbé páálí máàpù náà jáde láti kíláàsì. Ta ló rán an? Ẹnikẹ́ni ò rán an! Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú àwọn èèyàn, ó bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ẹ wò ó, géètì wa rèé. Ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà wá rèé. Mọ́ṣáláṣí rèé."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹnì kan ní, "Hẹ̀n-ẹ́n, kànga ilé wa lèyí." Òmíràn fi ìka tọ ọ̀nà títí tó fi dé ilé ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Mo mí kanlẹ̀. Mo ní ó ti parí nìyẹn.

Parí kẹ̀! Ọkùnrin tó ní ìjọba ló rán wa yẹn nà dìde. Ó ní, "Ilé tiwa dà? Ẹ fi ilé gbogbo èèyàn sí i, ẹ yọ tiwa sílẹ̀. Ṣé àlejò la jẹ́ nílùú yìí ni?" Ìyá ọlọ́jà náà ní ilé òun ò kéré báyẹn, kí wọ́n fẹ̀ ẹ́! Ẹ gbà mí o! Àwọn tó fẹ́ lù wá torí pé a sàmì sílé wọn ni wọ́n tún fẹ́ lù wá torí pé ilé wọn ò sí nínú máàpù! Irú kí nìyí?

Ọ̀gá wa ló tú wọn ká. Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àtàwọn ọmọ mú àkísà àti omi, a fọ ògiri kiri. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, ṣọ́ọ̀kì pupa kì í tètè kúrò! Lẹ́yìn náà la lọ kan páànù Bàbá Télọ̀ padà. Wọn ò dá mi lóhùn nígbà tí mo kí wọn. Wọ́n kàn di àkàbà mú, wọ́n ń wo káfíńtà tí a mú lọ.

Nígbà tó yá, wọ́n ní níbo ni ṣọ́ọ̀bù àwọn wà nínú nǹkan tí a yà yẹn? Bọ́sẹ̀ tẹ́ páálí tó gbé dání sílẹ̀, ó fi hàn wọ́n. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní, "Kò sí ilẹ̀kùn, kò sí fèrèsé?"

Bọ́sẹ̀ ní, "Òkè la ti ń wò ó, Bàbá. Orúlé nìkan ló máa ń hàn."

Wọ́n gbójú sókè wo páànù. Wọ́n ní, "Ó dáa. Nígbà náà, ẹ kàn án dáadáa." Wọ́n wá rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún!

Ọ̀gá gba àlàyé mi, iṣẹ́ mi ò bọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní a ò gbọ́dọ̀ jáde mọ́ títí ìdánwò yóò fi parí. Ọ̀gbẹ́ni Adéoyè ní ṣebí àwọn wí. Kò pẹ́ tí wọ́n tún fi wá bá mi jà pé mo ti ba àwọn ọmọ kíláàsì àwọn jẹ́, àwọn ọmọ náà ń bi wọ́n pé ìgbà wo làwọn náà máa ya máàpù!

Ohun tí mo rí kọ́ rèé. Ẹ̀kọ́ tó bá máa wúlò fún ọmọ, iwájú ilé àwọn òbí ẹ̀ ló máa gbà kọjá. Ẹni tó bá sì máa gba iwájú ilé ẹni kọjá, ìkíni ló kọ́kọ́ ń ṣe. Mi ò kí ẹnikẹ́ni. Okùn àti ṣọ́ọ̀kì ni mo gbé lọ bá wọn.

Ṣé mo máa wá jáwọ́ ni? Rárá o! Ẹ̀kọ́ nípa òjò ló kàn, a ó gbé ìgò sí gbangba nínú ọgbà ilé ìwé láti fi wọn omi òjò. Mo ti kọ́kọ́ lọ sọ fún àwọn ará àdúgbò báyìí. Ìyá kan ti ní kí ni tíṣà fẹ́ fi omi òjò ṣe!

Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, kí lẹ̀yin ṣe tí wọn ò fi lé yín kúrò nílùú? Ẹ̀yin òbí náà, bí ẹ bá rí X lára ògiri yín, kí lẹ máa ṣe? Ẹ kọ ìrírí yín sísàlẹ̀ níbí. Gbogbo ẹ̀ ni màá kà. Mo ráyè, wọn ò kúkú jẹ́ kí n jáde.