Ìgbàyà Ogun tí Mo Mọ sí Àyà Àbúrò Mi

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé yín: rẹ́síìnì, oje olómi tó ń le bí òkúta, kì í ṣe nǹkan eré. Èmi tí mò ń fi òun àti fáíbà, aṣọ tí wọ́n fi okùn gíláàsì hun, ṣe ẹ̀wù ogun fún àwọn onísinimá, n kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé mi ní Adéwọlé, ní Ìlọrin, láìbo imú, láìwọ ìbọ̀wọ́ àti aṣọ alápá gígùn. Ẹni tó bá da oògùn tó ń mú rẹ́síìnì le pọ̀ jù, èéfín ló máa kọ́kọ́ rí, kó tó rí iná. N kì í gba gbẹ̀rẹ́ níbẹ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin ni mo fi mọ àpẹẹrẹ àyà tí mò ń lò. Mo fi ọ̀rá wé e lára, mo fi báńdéèjì P.O.P. tí wọ́n fi ń di eegun tó ṣẹ́ bò ó. Nígbà tó le, mo gé e lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo bọ́ ọ, mo sì da P.O.P. sínú rẹ̀. Ó jáde bí àbúrò mi gan-an, láti ọrùn dé ìbàdí. Rẹ́síìnì ò kan ara rẹ̀ rárá. Síbẹ̀ aláwàdà ni: “Àǹtí, ṣé láàyè lẹ fẹ́ sin mí ni?” Mo ní kó panu mọ́.

Ibà ló pa á. Màmá wa wà ní Kánò. Ní Ìlọrin, òkú kì í dúró de èrò ọ̀nà. Àárọ̀ ló kú, ká tó kírun ọ̀sán a ti sin ín. Ibojì ni Màmá bá. Wọn ò sunkún. “Ẹ ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ta ló sọ pé ó kú?” Láràárọ̀ wọ́n á dúró lẹ́nu yàrá rẹ̀, wọ́n á ní kó dìde, ìrun ń lọ. Wọn ò jẹun mọ́, wọ́n gbẹ. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an pé ìyá ni màá tún sin tẹ̀ lé ọmọ.

Nígbà tí iṣẹ́ dé, n ò ní àpẹẹrẹ mìíràn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé àpẹẹrẹ àyà àbúrò mi síta, mo fi ìda kùn ún kí rẹ́síìnì má bàa lẹ̀ mọ́ ọn, mo tẹ́ fáíbà sí i lára ní ìpele-ìpele, mo ń fi rẹ́síìnì rẹ ẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ ni mo gbọ́ lẹ́yìn mi:

“Àsàlámù àlékún.”

Màmá ni. Kì í ṣe èmi ni wọ́n kọjú sí. Wọ́n dẹ etí sílẹ̀, wọ́n ń retí ìdáhùn. Wọ́n wá mi orí bí ẹni tó gbọ́ ọ. Wọ́n nawọ́ sí àyà náà.

“Màámi, ẹ má fọwọ́ kàn án o! Ó ń jó ara!”

Wọ́n ṣáà ń bọ̀. Inú bí mi sí wọn, ó bí mi sí ara mi. Nígbà tí mo rí i pé n ò lè dá wọn dúró, mo bo imú wọn, mo wọ ìbọ̀wọ́ méjì léra fún wọn, mo fi wọ́n síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá. Wọ́n tẹ́ ọwọ́ lé àyà náà.

“Ó gbóná.”

Hẹ̀n-ẹ́n, òótọ́ ni. Rẹ́síìnì a máa gbóná fúnra rẹ̀ bó bá ń le. Mo fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n gbà á mọ́ mi lẹ́nu:

“Ṣé o rí i? Ara ọmọ mi gbóná.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. N ò tíì gbọ́ ẹ̀rín tó bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó yẹ kí n fa ọwọ́ wọn kúrò. N ò fà á. Mo gbé àpótí fún wọn, wọ́n jókòó. Bó ṣe pẹ́ díẹ̀, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n gbé ọwọ́ lọ sí èjìká, sí ikùn, bí ìyá tó ń wá ibi tí ibà wà lára ọmọ.

“Ó ń tutù.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi.”

“Ṣé ìwọ fọwọ́ kan àbúrò rẹ kí wọ́n tó gbé e lọ sin?”

“Mo fọwọ́ kàn án.”

“Ṣé bó ṣe rí nìyí?”

“Bó ṣe rí nìyẹn, Màámi.”

Ọwọ́ wọn ò kúrò níbẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ fi tutù. Wọ́n wá bọ́ ìbọ̀wọ́, wọ́n ní, “Ínná lílláhì,” ọ̀rọ̀ tí a ń sọ bí ẹnìkan bá kú, wọ́n sì bú sẹ́kún.