Gọ́tà Enugu Road tí mo gbé lọ sí kíláàsì ìtàn

Ẹ̀yin èèyàn mi, díẹ̀ ló kù kí n sá kúrò ní kíláàsì lónìí!

Olùkọ́ ìtàn ìpínlẹ̀ Kano ní kí kálukú mú ìròyìn kan wá láti àdúgbò rẹ̀, kó sì sọ ìtàn tó wà nídìí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ààfin àti ìjọba làwọn ẹlẹgbẹ́ mi mú wá. Èmi mú gọ́tà Enugu Road tí wọ́n ń tún ṣe ní àdúgbò wa, Sabon Gari. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Bí mo ṣe dìde, gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí mo há sórí fò lọ. Hausa ló jáde! Mo ṣàlàyé bí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, títí kan bàbá bàbá mi, ṣe dó sí Sabon Gari níbi tí àwọn àlejò ń gbé ní Kano, tí ilé fi há mọ́ra, tí omi ò ríbi gbà.

Olùkọ́ rẹ́rìn-ín: "Ashe ke 'yar Kano ce!" Wọ́n ní ọmọ Kano ni mí! Àbí àánú mi ló ṣe wọ́n?

Mo sáré lọ fi Hausa ròyìn fún màmá mi. Wọ́n ní, "O káre, ọmọ Kano. Ìgbà wo lo máa fi Yorùbá dá èmi náà lóhùn?"

Mo fẹ́ sọ pé lọ́la ni. "Gobe, Mama!" ló bọ́ lẹ́nu mi.

Tí ẹ̀rù bá bà yín, èdè wo ló máa ń jáde?