Ìyá Àgbà Kọ̀ Láti Kú ní Mẹ́síkò

"Gbàù!" Ìbọn dún, ẹṣin ta gìrì, ìyá tó bí ìyá mi ò sì ṣubú. Wọ́n jókòó sórí àpótí níwájú ilé pátákó tí ọ̀dà ara rẹ̀ ò tíì gbẹ, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Ọlọ́ṣà tó yìnbọn lù wọ́n dúró bí ẹni tó ṣìnà, ó ń wo Uncle tó ni fíìmù. Uncle ń wo kámẹ́rà. Ìyá àgbà yọ òkúta kan nínú ẹ̀wà, wọ́n jù ú nù, wọ́n ń ṣa tiwọn lọ.

"Mama, ẹ ti kú o!" Uncle pariwo.

"Ta ló kú?" ni ìyá àgbà dáhùn.

Ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí kan ní Tucker, nílùú òyìnbó tí à ń gbé, la wà lọ́jọ́ náà, àmọ́ nínú fíìmù, Mẹ́síkò ni. Àwọn ọlọ́ṣà ti ja báńkì lólè ní Texas, wọ́n sì ti sá gba odò kọjá sí ìsàlẹ̀ bọ́dà. Uncle, aládùúgbò wa ní Lilburn, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, ló kọ ọ́, òun náà ló ń yà á. Ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ni gbogbo ọlọ́ṣà. Ẹṣin kan ṣoṣo ni Uncle rí háyà. Ọlọ́ṣà kan á gùn ún kọjá, wọ́n á sáré fi ẹfun kun ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹlòmíràn á tún gùn ún padà, kó lè dà bí ẹṣin mìíràn. Ẹ bá mi wo wàhálà! Òórùn ìgbẹ́ ẹṣin àti ọ̀dà gba gbogbo ibẹ̀ kan, ooru sì ń mú gan-an.

Kì í ṣe fíìmù ló wu ìyá àgbà. Ilé ló sú wọn. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá bá Mọ́mì wẹ ọmọ nígbà tí wọ́n bí àbúrò mi, oṣù díẹ̀ ló sì yẹ kí wọ́n lò. Àmọ́ Mọ́mì ń ṣe night shift, Dádì ń ṣe iṣẹ́ méjì. Mọ́mì á ní, "Mama, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí kọ́kọ́ rìn." Ọmọ rìn. "Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀." Ọmọ sọ̀rọ̀ títí ó fi ń bú wa, ìyá àgbà ṣì wà níbẹ̀. Láàárọ̀, kí n tó dìde, màá gbọ́ bàtà wọn, pàtà, pàtà, láti kíṣìnì dé ẹnu ọ̀nà, láti ẹnu ọ̀nà dé kíṣìnì. Wọ́n á din dòdò, wọn ò ní jókòó jẹ ẹ́. Wọ́n á máa dirun fún mi, wọ́n á dé àárín, wọ́n á dìde lọ yọjú ní wíńdò, wọ́n á fi mí sílẹ̀ tòun ti ìdajì orí. Kò sẹ́ni tó ń fẹsẹ̀ rìn ládùúgbò wa, kò sẹ́ni tí wọ́n máa kí. Ara wọn ò balẹ̀ rárá.

Bí wọ́n bá sì pè wọ́n láti ilé pé ẹgbẹ́ wọn kan ti kú, wọ́n á gbé fóònù kalẹ̀, wọ́n á ní, "Ọlọ́run, má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n sin mí síbi tẹ́nì kankan ò ti mọ̀ mí." Wọ́n ti rí itẹ́ òkú tó wà lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí kò sílé nítòsí rẹ̀, koríko nìkan. Ẹ̀rù ibẹ̀ ń bà wọ́n. Gbogbo wa la mọ̀. Mọ́mì á kàn ní, "Mama, ẹ fi sùúrù ṣe é."

Nítorí náà, nígbà tí Uncle sún mọ́ wọn, tó fẹ̀sọ̀ sọ pé, "Mama, ẹ kàn máa dùbúlẹ̀ ni. Wọ́n á gbé yín lọ sin, ó parí," mo ti mọ̀ pé ọ̀ràn ti dé.

"Wọ́n á ṣe kí ni?" Ìyá àgbà gbé abọ́ ẹ̀wà kalẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, orí ẹ pé? Kí wọ́n sin mí? Níbí? Lójú ọmọ mi?"

"Mama, eré ni," Mọ́mì sọ láti ìdí kúlà omi. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dójú tì wá. Oòrùn ti ń wọ̀."

Ìyá àgbà yíjú sí Mọ́mì. Mo rò pé wọ́n máa pariwo, wọn ò pariwo.

"Eré ni lójú tìẹ," ni wọ́n wí. "Èmi ò lè fi ṣeré. Gbogbo ìgbà tí mo bá sùn nílé rẹ, ohun tí mò ń bẹ Ọlọ́run ni pé kí n jí, kí n lè padà sílé mi kí n tó kú. O ní kí n dúró, mo dúró. Ìgbà wo ni màá wá lọ, ọmọ mi?"

Olórí ọlọ́ṣà ṣí akẹtẹ̀ rẹ̀. Ẹṣin tọ̀ ṣàà. Mọ́mì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún níwájú gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì, Mọ́mì tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí àwọn láìkun pọ́dà. Mọ́mì kúnlẹ̀ nínú eruku. "Mama, ẹ má bínú," ni wọ́n wí. "Ẹ ó lọ. Oṣù yìí ò ní parí tí ẹ ó fi lọ."

Uncle, kí Ọlọ́run bù kún un, ò pa kámẹ́rà. Ó ní kí ìyá àgbà ṣáà dìde, kí wọ́n máa lọ. Wọ́n gbé abọ́ wọn, wọ́n gba àárín àwọn ọlọ́ṣà kọjá láìwẹ̀yìn. Nínú fíìmù tí a wò ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo èèyàn ló kú, títí kan ẹni tó ń ta ọtí. Ìyá àgbà nìkan ló yè. A pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta wá. Àwọn fúnra wọn ò sí níbẹ̀, wọ́n ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ara wọn ni wọ́n sì kú sí, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Mo ti dàgbà báyìí, èmi náà ti bímọ. Mọ́mì ti fẹ̀yìn tì, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé, wọ́n ń bá mi mú ọmọ lọ sí school. Ohun tí mo mú lọ́dọ̀ ìyá àgbà ò ju èyí lọ: mi ò lè rí àgbàlagbà tí ara rẹ̀ ò balẹ̀ kí n máa sọ fún un pé kó fi sùúrù ṣe é. Nítorí náà, lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí mo rí i pé Mọ́mì tún fẹ́ gbé mọ́tò jáde láìníbi tí wọ́n ń lọ, tí wọ́n á kàn wà á dé West End lódìkejì ìlú, tí wọ́n á tún wà á padà, mo wọlé jókòó tì wọ́n.

"Mọ́mì, ṣé ẹ fẹ́ lọ sílé ni? Ẹ má wo ti ọmọ mi o. Ẹ ṣáà sọ ọ́, màá ra tíkẹ́ẹ̀tì."

Wọ́n pa mọ́tò. Àwọn mọ̀lẹ́bí ti ta ilé Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́yìn ìsìnkú ìyá àgbà, àwọn àbúrò Mọ́mì sì ti fọ́nká, òmíràn ní London, òmíràn ní Canada.

"Ilé wo?" ni Mọ́mì wí.

Mo di ọwọ́ wọn mú. Mo wá ní kí wọ́n tan mọ́tò, ká jọ lọ.